Fàájì Àbújá: Bí A Ó Ṣe Padà Sílé Ni Mo Kọ́kọ́ Máa Ń Bèèrè

Àwọn ará Èkó fẹ́ràn láti máa sọ pé Àbújá kì í ṣe ìlú fàájì. Wọ́n á ní òṣìṣẹ́ ìjọba ló kún ibẹ̀, pé tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, oníkálukú ti wọlé tìlẹ̀kùn. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi wọ́n rín. Ẹni tó bá gba Adetokunbo Ademola Crescent ní Wuse 2 kọjá ní òru Fúráìdé, tó rí bí ọkọ̀ ṣe tò lọ rẹrẹ, tí èéfín sùúyà ń gba ojú fèrèsé wọlé bá a, kò tún ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé fàájì Àbújá kì í wá ká èèyàn mọ́lé. Ní Èkó, o lè jókòó jẹ́ẹ́ sí yàrá rẹ ní Súrùlérè, kí pátì àdúgbò wá bá ọ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí o kàn ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kí o bọ́ síta. Níbí, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé jìnnà sí ibi tí a ti ń jayé: Kubwa, Lugbe, Nyanya, títí dé Mararaba tó tilẹ̀ ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ilé tó wà láàárín ìlú, owó rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbádùn alẹ́ ní Àbújá gbọ́dọ̀ ti ṣètò rẹ̀ láti ọ̀sán. Tí ẹnikẹ́ni bá pè mí pé ká jáde lónìí, n kì í bèèrè ibi tí à ń lọ. Bí a ó ṣe padà sílé ni mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, iṣẹ́ ìṣirò owó ló gbé mi dé ìlú yìí, Kubwa ni mo sì ń gbé. Àwọn tí mo máa ń bá jáde kò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n Kàbà ni àgbà wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, ilé wọn wà ní Gwarinpa, àwọn náà ló ni ọkọ̀ tí kì í já wa kulẹ̀. Alhaja jẹ́ ọmọ Ìlọrin, àmọ́ Kàdúná ni wọ́n bí wọn sí. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Wuse, Háúsá sì dán lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ nígbà mìíràn. Ọmọ Ọ̀fà ló kéré jù nínú wa, nọ́ọ̀sì ni, ojoojúmọ́ ló sì máa ń bá ẹnì kan fa ọ̀rọ̀. Tí a bá ti rán an létí pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, a jẹ́ pé owó ẹja ló tún ń bá ẹlẹ́ja jà sí nìyẹn. Ibi ìkómọjáde kan ní Kubwa ni òjò ti ká wa mọ́ abẹ́ àtíbàbà, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán. Ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nítòsí, irú àwọn wọ̀nyí ló máa ń fi ṣe mọ̀lẹ́bí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: nígbà tí ibà dá mi wólẹ̀, Alhaja ló gbé ẹ̀kọ àti mọ́í-mọ́í wá láti Wuse títí dé Kubwa, wọ́n sì tún bú mi pé n kò tètè sọ.

Mo ti dé kílọ́ọ̀bù o, kí ẹ má rò pé mo ń fojú ìyá àgbà wo ayé. Àwọn tó wà ní Wuse 2 àti Maitama kì í gbóná kí aago méjìlá òru tó kọjá. Tábìlì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ra ọtí olówó gọbọi, orí ìdúró ló máa wà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Orin á pariwo débi pé ẹ ó máa fi ọwọ́ bá ara yín sọ̀rọ̀. Mo jó, mo làágùn, mo gbádùn ẹ̀. Àmọ́ bí mo bá fẹ́ rí ọ̀rẹ́ mi, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀, kí n mọ bí ọ̀sẹ̀ ṣe rí fún un, gáádìn ni mò ń lọ. Gáádìn lohun tí àwa ará Àbújá fi ń ṣe ọgbà ìgbafẹ́: àga rọ́bà lábẹ́ igi, iná pupa àti aláwọ̀ ewé tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka, èédú tó ń jó ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ. Oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba Murtala Mohammed ṣòfin pé ibí yìí ni olú-ìlú tuntun máa wà, nígbà tí wọ́n sì wá ń ya àwòrán ìlú, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún igi àti koríko láàárín àwọn àdúgbò. Ọ̀pọ̀ nínú irú àyè bẹ́ẹ̀ ló di gáádìn tí à ń jókòó sí lónìí. Ẹni tó ya àwòrán náà kò mọ̀ pé ẹja la máa fi ilẹ̀ rẹ̀ yan.

Ẹja yẹn ni olórí ohun tó ń gbé wa jáde: ẹja àrọ̀ yíyan, tí gbogbo ayé ń pè ní point and kill. Tí ẹ bá dé ọjà ẹja ní Kado, ẹ ó rí àwọn tó ń tà á nídìí ọpọ́n omi wọn, tí ẹja dúdú ń yí lura wọn nínú rẹ̀. Ẹ ó na ìka sí èyí tó wù yín, wọ́n á fi àwọ̀n gbé e, wọ́n á gbé e ka orí òṣùwọ̀n, ẹja á sì fi ìrù gbá omi sí yín láṣọ. Ibẹ̀ ni ìdúnàádúrà ti ń bẹ̀rẹ̀, Alhaja sì ni agbẹnusọ wa. Wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn wo ẹja náà bí ẹni pé ó ń ṣàìsàn, wọ́n á dárúkọ ìdajì owó tí ẹlẹ́ja pè, wọ́n á sì yíjú sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Tí a bá ti fẹnu kò, àwọn ẹlẹ́ja á gbá ẹja lórí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi iyọ̀ fọ ara rẹ̀ kí yíyọ̀ rẹ̀ lè kúrò, wọ́n á là á, wọ́n á kó ìfun rẹ̀ dànù, wọ́n á wá fi ọ̀bẹ sín in ní gbẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ata lè ráyè wọlé. Ata náà ni mo fẹ́ràn jù: ata rodo, atalẹ̀, àlùbọ́sà, magí, gbogbo rẹ̀ tí wọ́n fi òróró pò pọ̀, tí obìnrin tó ń yan án ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lára ẹja lẹ́ẹ̀mélòó kan bó ṣe ń yí i padà lórí èédú. Ó lè gba wákàtí kan gbáko. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹja la máa ń kọ́kọ́ bèèrè fún kí a tó jókòó, kí a tó mu omi pàápàá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bèèrè ọtí, ọtí á ti tán lára rẹ̀ kí ẹja tó dé, á tún bèèrè òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n Kàbà kì í kúrò nídìí ẹja kí wọ́n tó fi àmì sí i. Wọ́n á ní kí wọ́n gé díẹ̀ kúrò létí ìrù rẹ̀, nítorí ẹja tí ẹ yàn lè yàtọ̀ sí ẹja tí wọ́n máa gbé wá fún yín. Mo rò pé àṣejù ni, títí tí wọ́n fi gbé ẹja kan wá bá wa tí ìrù rẹ̀ pé pérépéré, tí òun fúnra rẹ̀ sì kéré. Ẹ̀gbọ́n kò bínú. Wọ́n kàn gbé àwo náà, wọ́n gbé e padà sídìí èédú, wọ́n ní àwọn ń wá ẹja tí wọ́n gé nírù. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní àbúrò rẹ̀ lèyí. Ó mú tiwa jáde látẹ̀yìn, ó sì fi ọ̀dùnkún díndín tọrọ àforíjì. Látọjọ́ yẹn, kí a tó ki ẹnikẹ́ni kú alẹ́, ìrù là ń wò.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó máa ń tú ọ̀rẹ́ ká jù ní irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ẹnì kan á mu málítì kan, ẹlòmíràn á mu bíà mẹ́rin, nígbà tí owó bá dé, wọ́n á ní kí gbogbo yín pín in ní dọ́gba. Ẹni tó mu málítì kò ní sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kò kàn ní rí àyè wá mọ́ nígbà mìíràn. Èmi ni akápò wa, iṣẹ́ mi kúkú ni. Kí ọjọ́ Tọ́sìdé tó ṣú, kí oníkálukú ti fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì mi. Owó ẹja àti owó ọkọ̀ la jọ ń dá. Ọtí ẹni, ẹrù ẹni. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì wọlé, a kò ka orí rẹ̀ mọ́ àwọn tó máa wọ ọkọ̀, ìbáà jẹ́ Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn. Ó tún ní àǹfààní mìíràn: ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òru, tí tiransifá bá kọ̀ tí kò lọ, tí ẹ̀rọ POS ń yí tí kò dúró, owó wà lọ́wọ́ akápò.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kó ìgò òfìfo kúrò níwájú yín. Ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí á wá tẹ̀ríntẹ̀rín pé òun fẹ́ bá yín tún tábìlì ṣe. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ti ìgò náà sábẹ́ àga. Nígbà tí ìwé owó bá dé, ìgò ni ẹlẹ́rìí yín. Ọmọ Ọ̀fà máa ń kà á sókè ketekete bí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ojú sì máa ń ti Alhaja, àmọ́ owó tó ti gbà padà fún wa nípa bẹ́ẹ̀ tó owó ẹja.

Ní àwọn gáádìn kan ní Garki àti Jabi, báǹdì máa ń ṣeré ní òpin ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni Àbújá ti yàtọ̀ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Olórin kan náà á kọ jùjú, á bọ́ sórí orin Ìgbò, á tún fi ti Tiv tàbí Idoma kún un, nítorí kò mọ ẹni tó jókòó. Á máa yí tábìlì ká, á máa tẹ́tí sí èdè tí ẹ ń sọ. Tó bá ti gbọ́ “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi wá”, ó parí, ó ti mọ̀ pé ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ni yín. Á bèèrè orúkọ yín lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oúnjẹ, ẹ ó sì kàn gbọ́ orúkọ yín láàárín orin. Ẹ̀gbọ́n Kàbà, tí wọn kì í náwó yàlàyòlò nílé, wọ́n á dìde, wọ́n á tún agbádá ṣe, wọ́n á ki ọwọ́ bọ àpò. Èmi ni mo máa ń di apá wọn mú. Òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ń ná owó náírà níbi àríyá, tó ń fọ́n ọn ká tàbí tó ń jó lórí rẹ̀, lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ó pẹ́ tí gbogbo wa ti ń fi òfin yẹn ṣeré. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ní Èkó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ní ti Jabi, olú ilé iṣẹ́ EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jìbìtì owó, ló wà níbẹ̀, wọn kò ní wọ ọkọ̀ jìnnà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín! Ní báyìí, olórin á kọrin tán, á mú fóònù jáde, á ka nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, Ẹ̀gbọ́n á wọ díńgí ojú, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oyin rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ díẹ̀. Ijó tí èèyàn ń jó kó tó nawọ́ sí iwájú orí olórin, fóònù kò lè jó o.

Alhaja kì í mu ọtí, wọn kì í sì í fi ojú burúkú wo ẹni tó ń mu. Zobo tútù ni tiwọn, tàbí kunu tí wọ́n bá rí èyí tó dá wọn lójú. Tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá dé, àwọn ni gbogbo wa ń tẹ̀ lé: a ó dúró kí wọ́n ṣínu, kí wọ́n kírun àṣámù tán, ká tó gbéra. Alẹ́ ààwẹ̀ ní àríwá dùn lọ́nà tirẹ̀. Ẹni tó gbààwẹ̀ àti ẹni tí kò gbà á jọ máa ń kóra jọ sídìí masa àti kósáì gbígbóná lójú títì, mállàmù onísùúyà náà á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fín iná.

Alhaja ló mú wa dé Kánò, nígbà tí ọmọ ọ̀rẹ́ wọn ń ṣe ìgbéyàwó nìkáà. Òfin Ṣaríà ti wà ní Kánò láti ọdún 2000, àwọn Hísbà, ẹ̀ṣọ́ Ṣaríà tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 sì ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ọtí lójú méjèèjì. Sabon Gari, níbi tí àwọn àlejò láti gúúsù pọ̀ sí, ni àwọn tó ń mutí máa ń sá lọ. Ẹ̀gbọ́n Kàbà ti ń bèèrè ọ̀nà Sabon Gari kí a tó dé ìlú. A kò débẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé, àwọn tó gbà wá lálejò tẹ́ ẹní síwájú ilé, wọ́n gbé gúrásà àti ẹran yíyan wá, wọ́n gbé fura da nono wá nínú igbá, pẹ̀lú ọ̀ṣọ̀rọ̀ tíì tí kò dá. A jókòó títí di aago kan òru. Wọ́n sọ ìtàn, wọ́n yẹ̀yẹ́ ara wọn, ọkùnrin kan tó ti di bàbá àgbà dìde láti ṣe àfarawé bí ràkúnmí ṣe ń jókòó, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n fi máa rántí Sabon Gari, oorun ti ń kùn wọ́n. Láti Kánò yẹn ni n kì í ti í bèèrè mọ́ bóyá ọtí wà níbì kan kí n tó gbà láti lọ. Ìjókòó àti ọ̀rọ̀ ni mò ń wá, mo sì ti rí wọn níbi tí kò sí ìgò kan.

Ọ̀rọ̀ obìnrin wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí n sọ. Ní gáádìn kan tí n kò ní dárúkọ, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá èmi, Alhaja àti Ọmọ Ọ̀fà dúró, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n ń wá ibi gbé ọkọ̀ sí. Ó ní ta ni a bá wá. A ní ara wa ni a bá wá. Ó ní àwọn kì í jẹ́ kí obìnrin tí kò ní ọkùnrin lẹ́yìn wọlé tó bá ti di aago mẹ́jọ. Ọmọ Ọ̀fà ti ń ká ọwọ́ aṣọ. Alhaja fà á sẹ́yìn, wọ́n tún híjáàbù wọn ṣe, wọ́n sì fi Háúsá bèèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà jẹ́jẹ́ pé nígbà tí ìyá rẹ̀ ń lọ sọ́jà ra oúnjẹ tí wọ́n fi tọ́ ọ, ọkùnrin wo ló ń tẹ̀ lé e. Ọmọ náà wolẹ̀. “Hajiya, a yi haƙuri,” pé kí wọ́n má bínú, ohun tó ń sọ ṣáá nìyẹn, ó sì ṣí ọ̀nà. A kò wọlé. A dúró de Ẹ̀gbọ́n, a sì gbé owó wa lọ síbòmíràn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ nìkan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, àwọn agbófinró àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú Àbújá ya wọ àwọn ilé fàájì àti òpópónà, wọ́n kó obìnrin tó lé ní 60, wọ́n ní aṣẹ́wó ni wọ́n. Àwọn kan nínú wọn gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn láre, àmọ́ ẹni tí wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ lójú títì, àre kò lè pa àwòrán náà rẹ́. Ìdí nìyí tí àwa obìnrin tí a wà nínú ẹgbẹ́ wa kì í fi í dá lọ, tí a kì í sì í fi ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́yìn. Tí ọ̀kan bá fẹ́ lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹnì kejì á dìde. Tí ọ̀kan bá ní ilé ń pe òun, ilé ti pe gbogbo wa nìyẹn. Ife ẹni tó bá dìde, ẹnì kan ló ń ṣọ́ ọ. Tí kò bá sí ẹni tó ṣọ́ ọ, a ó dà á nù.

Ó wá ku ọ̀nà ilé. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú, ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ á wọ táksí aláwọ̀ ewé, tàbí Bolt, tàbí Uber. Ohun tó ń jẹ́ one chance ló sì ń ba òru jẹ́ fún gbogbo wa: ọkọ̀ á dúró, á dà bí táksí lásán, èrò méjì tàbí mẹ́ta á ti wà nínú rẹ̀, àṣé ọmọ iṣẹ́ ni gbogbo wọn. Wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á gba fóònù àti káàdì báńkì, wọ́n á gba nọ́ńbà àṣírí, wọ́n á sì ti èèyàn jáde lórí eré. N kì í wọ ọkọ̀ tí èrò bá ti wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kódà bí ẹni tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ìyá arúgbó tó gbé Bíbélì dání. Tí mo bá jókòó tán, mo máa ń kọ́kọ́ dán ilẹ̀kùn wò bóyá ó ń ṣí láti inú. Dírẹ́bà orí fóònù tó bá ní kí n pa ìrìn àjò náà rẹ́ kí n san owó sí òun lọ́wọ́, mo bọ́lẹ̀ nìyẹn, nítorí tó bá pa á rẹ́, kò sí ibi tí orúkọ òun àti tèmi ti pàdé mọ́. Nọ́ńbà ọkọ̀ á ti wà lórí WhatsApp wa kí ọkọ̀ tó gbéra.

Tí a bá wà nínú ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí kò mutí ló ń wà á. Ọmọ Kàbà ni wọ́n, ẹmu sì máa ń fà wọ́n lọ́kàn, tí wọ́n bá ti fẹnu kan án, wọ́n á na kọ́kọ́rọ́ sí mi láìjẹ́ pé mo bèèrè. Ọ̀nà Kubwa gbòòrò, ó ń tan èèyàn láti sáré, bẹ́ẹ̀ ni tírélà tí kò ní iná lẹ́yìn ń bẹ lórí ẹ̀. Tí a bá dé ibi tí ọlọ́pàá tàbí ṣọ́jà wà, màá rọ iná iwájú sílẹ̀, màá tan iná inú ọkọ̀, màá sọ gíláàsì kalẹ̀, màá kí wọn. Wọ́n máa ń fẹ́ rí ojú èèyàn. Ẹni tó jókòó sínú òkùnkùn ló ń pẹ́ níbẹ̀.

Tí aago méjìlá bá ti lé, Gwarinpa la máa sùn. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n kì í fẹ́ bá wa jáde. Wọ́n ní ariwo wa nìkan ti tó báǹdì. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́wọ́ òfìfo. Ẹja ìyá ilé gbọ́dọ̀ wà nínú bébà onífàdákà, kó ṣì gbóná, kó sì jẹ́ ibi orí. Tí ẹja bá ti wọlé, ẹní àti ìrọ̀rí á jáde.

Ẹni tó bá lọ sílé tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ “mo ti wọlé” kó tó bọ́ bàtà. Ọmọ Ọ̀fà sùn lọ lálẹ́ ọjọ́ kan láìkọ ọ́. A pè é, kò gbé e. Alhaja ní nọ́ńbà onílé rẹ̀, ọkùnrin Tiv kan tó ga bí ìrókò, wọ́n sì pè é ní òru ọ̀gànjọ́. Bàbá náà kò bèèrè ọ̀rọ̀ kejì. Ó gbé àdá, ó gbé tọ́ọ̀ṣì, ó lọ gbá ilẹ̀kùn ọmọ ọlọ́mọ títí gbogbo ilé fi jí. Ọmọ Ọ̀fà ṣílẹ̀kùn tòun ti gèlè oorun lórí, ó rí àdá, ó figbe ta. Láti ìgbà náà, òun ló ń kọ́kọ́ kọ tirẹ̀, ó sì máa ń fi orúkọ onílé rẹ̀ kún un.

Nígbà mìíràn, kí n tó wọlé ní Kubwa, màá yà sọ́dọ̀ mai shayi tó wà ní ìkóríta wa. Òun kì í tètè sùn. Á po mílíìkì mọ́ tíì, á wá gbé ife kan sókè, á gbé èkejì sísàlẹ̀, á máa da tíì láti ọ̀kan sí èkejì títí yóò fi hó funfun, ẹ̀kán kan kò sì ní já sílẹ̀. Ó ń din ẹyin, ó ń se Indomie, ó ń dá àwọn ẹ̀ṣọ́ òru lóhùn. Nígbà tí owó tuntun wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí báńkì kò rí náírà fún wa, ìwé kékeré kan ló fi ń kọ gbèsè gbogbo àdúgbò. Orúkọ tí ó kọ fún mi ni “mai gilashi”, nítorí díńgí ojú mi. N kò mọ̀ títí tí mo fi lọ san án.

Tí Kérésìmesì tàbí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìlú á ṣófo. Gbogbo èèyàn á ti gba ilé lọ, ọ̀nà á dá, ẹja á dínwó, ọyẹ́ oṣù Kejìlá á mú kí iná èédú wu èèyàn láti jókòó tì. Nígbà yẹn ni àwa tí a kù sílé máa ń gbádùn Àbújá jù, tí a lè gbéra ní Kubwa kí a sì dé Jabi láìtẹ bíréèkì.

Ní lọ́wọ́lọ́wọ́, aáwọ̀ kan wà nílẹ̀. Àfẹ́sọ́nà Ọmọ Ọ̀fà ní òun náà fẹ́ máa bá wa jáde. Alhaja ní kó máa bọ̀, pé ọmọ dáadáa ni. Ẹ̀gbọ́n Kàbà ní ọkọ̀ ti kún, pé tí yóò bá wá, kó gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá, kó sì má mu nǹkan kan. Ọmọ Ọ̀fà ní tí àfẹ́sọ́nà òun kò bá lọ, ẹnikẹ́ni kò lọ. Èmi kò tíì sọ̀rọ̀. Ọ̀la ni Tọ́sìdé, mo ti fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin náà, mo sì ń wò ó bóyá owó rẹ̀ á wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.